Àtúnṣe Dirty COW nínú àwọn kernel Linux àtijọ́: ohun tí ìlà 13 gbọ́kàn lé

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, Linus Torvalds fi àtúnṣe kan sínú kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) tó fi ìlà 13 kún kóòdù, tó sì yọ ìlà 2 kúrò, nínú fáìlì méjì péré: include/linux/mm.h àti mm/gup.c. Nọ́mbà commit rẹ̀ (àkọsílẹ̀ àyípadà kan nínú git) ni 19be0eaffa3a. Nígbà tó fi di ọjọ́ 20 oṣù náà, 4.8.3, 4.7.9 àti 4.4.26 ti jáde pẹ̀lú rẹ̀. Àléébù tó wò sàn ni CVE-2016-5195, èyí tí wọ́n sọ ní Dirty COW: ẹnikẹ́ni tó bá ní àkántì lásán lórí ẹ̀rọ lè kọ nǹkan sínú fáìlì tí kò ní àṣẹ ju kó kà á lọ.

Ẹni tó bá wo bí àtúnṣe náà ṣe kéré tó á ní kí ló wà níbẹ̀, ẹ gbé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kernel àtijọ́, ó parí. Lóòótọ́, kóòdù rẹ̀ kò nira. Ohun tó nira ni ọ̀rọ̀ kan tí ìlà 13 yẹn gbà gbọ́ láìsọ ọ́ síta: pé bí bíìtì ìdọ̀tí (dirty bit, àmì pé wọ́n ti kọ nǹkan sí péèjì) bá ti wà lára ìlà kan nínú tábìlì péèjì (àkọsílẹ̀ ibi tí péèjì ìrántí kọ̀ọ̀kan wà; PTE ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́), a jẹ́ pé kernel ti ṣe ẹ̀dà àdáni fún ètò tó ni ín. Ìgbàgbọ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ó já wọn kulẹ̀ lórí ẹ̀rọ s390 (mainframe IBM) tí kernel rẹ̀ kò tíì dé 3.9, ó já wọn kulẹ̀ lórí péèjì ńlá ní 2017, ó sì tún já wọn kulẹ̀ lórí shmem (ìrántí tí àwọn ètò lè jọ lò) ní 2022. Àkọsílẹ̀ yìí tẹ̀lé àtúnṣe náà láti orísun rẹ̀ dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ohun tí ẹni tó ń gbé e lọ sínú kernel àtijọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí i.

Àléébù náà gan-an

Bí ètò kan bá fi mmap (ìpè tó ń so fáìlì mọ́ ìrántí) ṣí fáìlì pẹ̀lú MAP_PRIVATE (ìyẹn, àdáni), tó sì jẹ́ kíkà nìkan ló béèrè, péèjì tó wà nínú page cache (ibi tí kernel ń tọ́jú fáìlì sí nínú ìrántí fún gbogbo ètò) gan-an ni kernel máa fi hàn án. Kò sí ẹ̀dà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ nǹkan sí i ni ẹ̀dà máa ń wáyé: kernel á mú péèjì tuntun, á da ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, á sì so ètò náà mọ́ tuntun. Ìyẹn ni COW (copy-on-write). Ètò tí kò ní àṣẹ kíkọ kò lè dé ibẹ̀ tààrà, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan wà tí òfin fàyè gbà: ptrace àti /proc/PID/mem, tí ètò kan lè fi kọ sínú ìrántí ètò mìíràn. gdb, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe nínú ètò, nílò rẹ̀ láti fi ibi ìdádúró sínú kóòdù tó jẹ́ kíkà nìkan. Ìdí nìyẹn tí kernel fi ní àmì FOLL_FORCE, tó ń sọ pé kí wọ́n kọ ọ́ bó ti wù kó rí, ṣùgbọ́n kó jẹ́ sínú ẹ̀dà.

Inú __get_user_pages ni iṣẹ́ yìí wà, àyípoyípo sì ni. follow_page_mask á wá péèjì. Bí kò bá rí èyí tó yẹ, faultin_page á pe handle_mm_fault pé kó lọ tún un ṣe, wọ́n á sì padà wá wò ó. Ní àkọ́kọ́, kò sí péèjì rárá, wọ́n á gbé e wá. Lẹ́yìn náà, ó wà, ṣùgbọ́n kò ṣe é kọ sí. do_wp_page á rí sí i pé ẹ̀dà wà, á sì dá VM_FAULT_WRITE padà láti fi hàn pé òun ti parí tòun. Ibi tó ti wọ́ ni pé PTE tuntun náà ṣì jẹ́ kíkà nìkan, torí VMA rẹ̀ (àgbègbè ìrántí tó wà) kò ní VM_WRITE (àṣẹ kíkọ). Bí follow_page_mask bá ṣì ń béèrè pte_write, wọn ò ní jáde kúrò nínú àyípoyípo yẹn láé. Bí kóòdù àtijọ́ ṣe yanjú rẹ̀ nìyí:

    *flags &= ~FOLL_WRITE;

Ó bọ́ àmì FOLL_WRITE dànù. Láti ìgbà náà lọ, kernel ti gbàgbé pé kíkọ ni wọ́n bá wá. Kíkà ló rò pé ó kù.

Láàárín kó bọ́ àmì náà àti kó tún padà wò, thread mìíràn (òwú iṣẹ́ tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀) nínú ètò kan náà lè pe madvise pẹ̀lú MADV_DONTNEED, èyí tó ń sọ fún kernel pé kó gbé péèjì dànù. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe á pòórá. follow_page_mask ò ní rí nǹkan kan. Handle_mm_fault á tún ṣiṣẹ́, lọ́tẹ̀ yìí fún ẹni tó fẹ́ kà, kò sì sí ìdí tí wọ́n á fi ṣe ẹ̀dà fún ẹni tó fẹ́ kà. Péèjì inú page cache gan-an ni wọ́n á gbé lé e lọ́wọ́. Ẹni tó pe get_user_pages kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, á kọ ohun tó fẹ́ kọ, ohun tó kọ á sì di ara fáìlì náà, ìbáà jẹ́ /etc/passwd tàbí ètò setuid (èyí tó ń fi àṣẹ ẹni tó ni ín ṣiṣẹ́). Kò sí àṣẹ fáìlì kankan tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́nà.

Ọdún tí àléébù yìí bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gbé àtúnṣe, torí òun ló ń sọ kernel tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní 2005, Linus ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú commit 4ceb5db9757a, tó ń wo bíìtì ìdọ̀tí dípò pte_write. Kò pẹ́ rárá tí f33ea7f404e5 fi yọ ọ́ kúrò. Ìdí méjì ni wọ́n kọ sílẹ̀: s390 kò ní bíìtì ìdọ̀tí nínú PTE, àti pé copy_one_pte, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà fork (tí ètò kan bá bí ètò mìíràn), máa ń yọ àṣẹ kíkọ kúrò ṣùgbọ́n á fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Lásìkò yẹn, yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí madvise ń di mmap_sem (àgádágodo tó wà lórí ìrántí ètò) mú ní ipò kíkọ, kò sì lè já wọ inú àyípoyípo náà láàárín. Ọdún 2007 ni 0a27a14a6292 jẹ́ kí madvise máa di mmap_sem mú ní ipò kíkà fún irú iṣẹ́ bíi MADV_DONTNEED, kí ẹ̀rọ lè yá. Ó wọlé sí 2.6.22. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ìlà tó ṣàìdáa ti wà láti 2005, àmọ́ commit mìíràn, nínú fáìlì mìíràn, ló sọ ọ́ di ewu. Ẹ má ṣe fi nọ́mbà kernel nìkan pinnu. Nọ́mbà kernel RHEL 5 (Red Hat Enterprise Linux) jẹ́ 2.6.18, ó kéré sí 2.6.22, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí Red Hat ní láti tún ṣe. Kernel tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń lẹ nǹkan mọ́ fún ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ohun tí orúkọ rẹ̀ ń pè é mọ́.

Ohun tí ìlà 13 náà ṣe

Dípò kí wọ́n bọ́ FOLL_WRITE, wọ́n fi àmì tuntun kún un, FOLL_COW, tí iye rẹ̀ jẹ́ 0x4000, tó ń sọ pé "a ti ṣe COW lẹ́ẹ̀kan." Àyẹ̀wò inú follow_page_pte wá di èyí:

    static inline bool can_follow_write_pte(pte_t pte, unsigned int flags)
    {
        return pte_write(pte) ||
            ((flags & FOLL_FORCE) && (flags & FOLL_COW) && pte_dirty(pte));
    }

Bí MADV_DONTNEED bá ti gbé ẹ̀dà lọ, péèjì tí wọ́n máa bá níbẹ̀ kò ní ní ìdọ̀tí lára, àyẹ̀wò á kọ̀ ọ́, FOLL_WRITE sì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á tún ṣe COW mìíràn. Gbogbo ẹrù náà wá dorí pte_dirty.

Láti 4.8 wá sẹ́yìn

Lórí 4.8 àti 4.7, git cherry-pick -x (àṣẹ tó ń gbé commit láti ẹ̀ka kan sí òmíràn) máa ń wọlé láìjà, ìyẹn láìsí conflict. Lórí 4.4, include/linux/mm.h lè bá yín jà, torí pé FOLL_REMOTE, tó ń gba 0x2000, kò tíì sí níbẹ̀, inú 4.6 ló ti wọlé. Ẹ má gbé FOLL_REMOTE wá torí kí ìjà náà lè tán, ẹ má sì sọ FOLL_COW di 0x2000 kí nọ́mbà lè tò léra. Ẹ fi 0x4000 sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn àtúnṣe mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tó máa gbé wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín bó bá rí i pé nọ́mbà kan náà ló wà níbi gbogbo.

Kernel tó bá ti wà ṣáájú 3.16 kò ní mm/gup.c rárá. Inú mm/memory.c ni kóòdù náà wà. Git kò lè tọ ipa rẹ̀ dáadáa, torí wọ́n kàn fá apá kan nínú fáìlì ńlá yọ ni, wọn ò yí orúkọ fáìlì padà; ọwọ́ lẹ máa fi gbé e sí ipò. faultin_page gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró kò sí nígbà yẹn pẹ̀lú. Ìlà tí ẹ ń wá wà láàárín ara __get_user_pages, ó sì rí báyìí: foll_flags &= ~FOLL_WRITE. Ẹ sọ ọ́ di foll_flags |= FOLL_COW.

Ibí yìí ni ọwọ́ ti máa ń ṣi ẹni tó ń yára. Oríṣi àmì méjì ló wà níbẹ̀, gup_flags àti foll_flags. gup_flags jẹ́ ti gbogbo ìpè náà látòkèdélẹ̀. Foll_flags ni wọ́n ń dà kọ láti ara rẹ̀ fún péèjì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi FOLL_COW sára gup_flags, péèjì àkọ́kọ́ á ṣiṣẹ́ dáadáa, ìdánwò tó ń kọ báìtì díẹ̀ á sì yege. Ṣùgbọ́n péèjì kejì á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FOLL_COW lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe COW kankan fún un. Kóòdù tó kọjá ìdánwò pẹ̀lú ihò nínú burú ju èyí tó kọ̀ láti wọlé lọ.

Ìjákulẹ̀ kìíní: s390 ṣáájú 3.9

Lórí x86, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fi bíìtì ìdọ̀tí sínú PTE. Lórí s390, ìyẹn àwọn mainframe IBM, inú storage key tó bá péèjì ara rẹ̀ lọ ni ìdọ̀tí wà, kì í ṣe inú PTE. Títí abf09bed3cce fi wọ 3.9, pte_dirty lórí s390 kàn ń dá 0 padà ni. Linus kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ commit rẹ̀ gbangba pé kernel tó bá ṣáájú ìyẹn ní láti wo ipò péèjì fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá gbé ìlà 13 náà lọ sínú 3.2 láìka ọ̀rọ̀ yẹn. Compiler kò ní sọ nǹkan kan. Lórí x86, gbogbo rẹ̀ á dára. Lórí s390, can_follow_write_pte kò ní dá òótọ́ padà láé fún FOLL_FORCE. COW á ṣẹlẹ̀, àyẹ̀wò á kọ̀, COW á tún ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fi gdb dá ètò kan dúró ni yóò kọ́kọ́ rí i: gdb á há, CPU á máa yí. Ihò ààbò ti dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ti bàjẹ́, ẹni tó ń gbé àtúnṣe lórí x86 rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

Michal Hocko ti SUSE kọ oríṣi mìíràn fún àwọn kernel àtijọ́. FOLL_COW wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò wo ìdọ̀tí rárá. Ohun tó ń béèrè ni bóyá péèjì tó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ péèjì aláìnífáìlì, tí kò sì jẹ́ ti KSM:

    return page && PageAnon(page) && !PageKsm(page);

Apá KSM yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Hugh Dickins ló tọ́ka sí i. KSM máa ń pa péèjì tó jọra láti inú ètò oríṣiríṣi pọ̀ di ẹyọ kan, PageAnon á sì ṣì jẹ́ òótọ́ lórí rẹ̀. Bí KSM bá pa ẹ̀dà yín pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn láàárín àyípoyípo, kíkọ á kan ẹlòmíràn. Ó tún gba pé kí a fi struct page ránṣẹ́ sí can_follow_write_pte, nítorí náà vm_normal_page gbọ́dọ̀ gòkè ṣáájú àyẹ̀wò náà nínú follow_page. Bó bá jẹ́ ara àyẹ̀wò nìkan lẹ dà kọ, tí ẹ kò gbé vm_normal_page gòkè, kò ní péèjì kankan láti wò.

Tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ wa, oríṣi Hocko ló béèrè ìbéèrè tó tọ́. "Ṣé ẹ̀dà ni?" ló béèrè. Ti mainline (igi Linux tí Linus ń bójú tó) béèrè pé "Ṣé ó ní ìdọ̀tí?", ó sì gba ìdáhùn ìyẹn fún ti èyí. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ tutù, kì í ṣe odò nìkan ló lè ti bọ̀. Òjò náà ń rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé òjò pọ̀.

Oṣù kìíní 2017: péèjì ńlá há

Transparent huge page, THP, máa ń lo péèjì MiB 2 lórí x86 dípò KiB 4, ọ̀nà tirẹ̀ sì gba follow_trans_huge_pmd kọjá nínú mm/huge_memory.c. Àyẹ̀wò kan tó jọ ti gup.c wà níbẹ̀: bí FOLL_WRITE bá wà, tí pmd_write kò sì sí, padà sẹ́yìn (PMD ni ìlà tábìlì fún péèjì ńlá). Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ìlà 13. Nígbà tí kóòdù àtijọ́ ń bọ́ FOLL_WRITE, àyẹ̀wò náà kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nísinsìnyí tí FOLL_WRITE kì í kúrò mọ́, ẹni tó bá gba /proc/self/mem kọ sí àgbègbè kíkà nìkan tó wà lórí péèjì ńlá á wọ àyípoyípo tí kò lópin. SIGKILL (àmì tó ń pa ètò) ṣì ń pa á, ṣùgbọ́n àmì mìíràn kò wọlé, ptrace kò sì lè so mọ́ ọn.

Keno Fischer ló tún un ṣe, commit 8310d48b125d, pẹ̀lú can_follow_write_pmd, tó jọ ti PTE bí ìbejì: FOLL_FORCE, FOLL_COW, pmd_dirty.

Gbogbo ẹ̀ka tó ti gba 19be0eaffa3a ló gba ìhámọ́ yìí pẹ̀lú rẹ̀, torí kò sí ìjà nínú git tó máa sọ pé fáìlì kejì kan wà tí a kò fọwọ́ kàn. Kí ẹ tó gbé àtúnṣe mm kankan, ẹ fi git grep wá gbogbo ibi tí àmì tó ń yí padà ti ń ṣiṣẹ́ nínú igi *tiyín*, kì í ṣe nínú mainline. Fún èyí, git grep -n FOLL_WRITE -- mm/ ì bá ti gbé huge_memory.c síwájú yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Ìjákulẹ̀ kejì: Huge Dirty COW

Nínú follow_trans_huge_pmd, nígbà tí FOLL_TOUCH bá wà, kernel máa ń fi àmì "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó" sára PMD. Pẹ̀lú rẹ̀, ó ń fi ìdọ̀tí sí i, ìbáà jẹ́ kíkọ ni wọ́n bá wá tàbí kíkà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àlàyé tó fi sílẹ̀ lókè ìlà náà sọ pé ó yẹ kó jẹ́ fún FOLL_WRITE nìkan, ṣùgbọ́n pé fún ìgbà yẹn, bíìtì ìdọ̀tí inú PMD kò ní ìtumọ̀ kankan. Òótọ́ ni nígbà tó kọ ọ́. 8310d48b125d ló fún un ní ìtumọ̀, kò sì sẹ́ni tó padà ka àlàyé yẹn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Thread kan ṣe COW, ó gba FOLL_COW. MADV_DONTNEED gbé ẹ̀dà lọ. Thread kẹta ka ojú kan náà nípasẹ̀ get_user_pages. Péèjì tí gbogbo ètò jọ ń lò padà wá, ó sì fi ìdọ̀tí sí PMD rẹ̀. Thread àkọ́kọ́ padà dé, ó bá ìdọ̀tí, ó gbà pé ẹ̀dà òun ni. Ilé-iṣẹ́ Bindecy ló ṣàwárí èyí, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2017, CVE-2017-1000405 ni. Àwọn fáìlì lásán bọ́, torí fáìlì inú page cache kì í wà lórí péèjì ńlá nígbà náà àfi shmem. Ohun tó kù tí wọ́n lè kọ lé ni huge zero page, péèjì òdo kan ṣoṣo tí gbogbo ètò tó ka àgbègbè ńlá tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí jọ ń lò, àti shmem tí wọ́n ti fi èdìdì dì. Ètò tó retí òdo, tó bá nǹkan mìíràn níbẹ̀, á ṣubú.

Kirill Shutemov ló tún un ṣe, commit a8f97366452e: touch_pmd àti touch_pud kò ní fi ìdọ̀tí síbì kankan mọ́ àyàfi tí FOLL_WRITE bá wà. touch_pud wọlé pẹ̀lú 4.11, nítorí náà 4.9 kò ní in. Ẹ gé apá yẹn sọnù, ẹ sì kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ commit pé ẹ gé e. Nínú 4.4, touch_pmd kò dá dúró; ìlà pmd_mkyoung(pmd_mkdirty(*pmd)) wà nínú ikùn follow_trans_huge_pmd fúnra rẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa yí padà. Ẹ yọ àlàyé àtijọ́ náà kúrò pẹ̀lú, torí irọ́ ló ń pa báyìí.

Ètò tí a máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí 8310d48b125d má wọ kernel kankan láìsí a8f97366452e lẹ́yìn rẹ̀ gbágbá. Ọ̀kan láìsí èkejì fi ihò rọ́pò ìhámọ́ ni.

Dídán an wò

LTP (Linux Test Project, àkójọ ìdánwò fún Linux) ti ní ìdánwò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: dirtyc0w, thp04 fún ti péèjì ńlá, àti dirtyc0w_shmem. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é lórí kernel tí ẹ kò tíì tún ṣe, kí ẹ rí i pé ó jábọ́ lóòótọ́. Ìdíje láàárín thread ni. Lórí ẹ̀rọ aláìlójú (virtual machine) oní-CPU kan, ó lè yege fún wákàtí gbọọrọ láìjẹ́ pé nǹkan kan ti sàn.

Ìṣọ́ra kan wà fún kernel tó pẹ́ gan-an. Ṣáájú 2.6.39, /proc/PID/mem kò ṣe é kọ sí. Ìdánwò tó ń gba ibẹ̀ lọ á ní kernel náà kò ní àléébù, bẹ́ẹ̀ ptrace pẹ̀lú PTRACE_POKEDATA ṣì ń gba ojú ihò kan náà wọlé. Fún RHEL 5 àti 6, ti ptrace ló yẹ kí ẹ fi dán an wò.

Ẹ dán ohun tó yẹ kó ṣiṣẹ́ wò pẹ̀lú. Ẹ fi gdb fi ibi ìdádúró sínú ètò kékeré kan, ẹ jẹ́ kó sáré dé ibẹ̀, kí ó dúró. Ẹ kọ always sínú /sys/kernel/mm/transparent_hugepage/enabled, ẹ mmap MiB 5 aláìnífáìlì pẹ̀lú PROT_READ, ẹ gba /proc/self/mem kọ sí i. Bí ètò náà bá ń jẹ CPU kan tán láìparí, 8310d48b125d ti sọnù lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣe gdb yìí kan náà lórí gbogbo irú ẹ̀rọ tí ẹ ń gbé kernel náà fún, kì í ṣe lórí x86 nìkan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí àléébù náà jáde, Red Hat fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ìwé àṣẹ (script) SystemTap kan tó ń dí mem_write àti ptrace mọ́lẹ̀ nínú kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ń dí ihò náà, ṣùgbọ́n gdb àti strace dúró pẹ̀lú rẹ̀. Oògùn ọjọ́ mélòó kan ni. Ti Android gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: àtúnṣe ti wà fún un lábẹ́ ìpele 2016-11-06, síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2017, Trend Micro ṣì kéde ZNIU, ètò burúkú tó ń gba Dirty COW gba agbára root lórí foonu tí ẹni tó ṣe wọ́n kò gbé àtúnṣe náà dé.

Ọ̀rọ̀ ìwé àti òfin stable

Òfin stable (àwọn ẹ̀ka kernel tó ń gba àtúnṣe nìkan) kò gùn: àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti wà nínú mainline, kò sì gbọdọ̀ ju ìlà 100 lọ pẹ̀lú àyíká rẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ commit ni "commit 19be0eaffa3a… upstream." pẹ̀lú nọ́mbà náà ní kíkún. Gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ yí padà á wà nínú àkámọ́ onígun, pẹ̀lú orúkọ yín, lókè ibi tí ẹ ti fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá lo oríṣi Hocko dípò ti Linus, ibẹ̀ ni ẹ ti máa sọ ìdí. Ẹni tó bá wá fi git diff wé mainline lọ́dún márùn-ún sí i kò ní máa rò pé àṣìṣe ni.

Mm kì í sábà wọ stable fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ AUTOSEL tó ń ṣa àtúnṣe fún stable kì í fọwọ́ kan mm/, ó fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bójú tó o láti kọ Cc: stable sí èyí tí wọ́n bá fẹ́. Ìṣọ́ra tó dára ni lójú tiwa, torí irú ìtàn tí a ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé àtúnṣe tí ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé láti kọ Cc sí kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, àfi tí ẹ bá ń ka mm/ fúnra yín.

Ìjákulẹ̀ kẹta: shmem, 2022

Ní 5.16, 9ae0f87d009c jẹ́ kí mfill_atomic_install_pte máa fi ìdọ̀tí sí PTE shmem nígbà gbogbo, kódà bí PTE náà bá jẹ́ kíkà nìkan. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí a bá wò ó lóun nìkan. Àmọ́ ẹni tó bá lo UFFDIO_CONTINUE ti userfaultfd (ọ̀nà tí ètò lè gbà fúnra rẹ̀ gbé péèjì tí kò sí wá) lè wá gbé péèjì shmem tí kì í ṣe ẹ̀dà sí ojú kan, kíkà nìkan, pẹ̀lú ìdọ̀tí lára. can_follow_write_pte rí ìdọ̀tí, ó ṣílẹ̀kùn. CVE-2022-2590 nìyẹn: kíkọ sínú fáìlì tmpfs (fáìlì tó wà nínú ìrántí) tí ẹ kò ní àṣẹ rẹ̀, àti fífọ́ èdìdì memfd (fáìlì ìrántí tí kò lórúkọ lórí dísìkì).

David Hildenbrand ti Red Hat kò lẹ ìdọ̀tí mìíràn mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Commit 5535be309971, tó wọ 6.0, yọ FOLL_COW kúrò pátápátá, ó sì sọ àyẹ̀wò di PageAnon pẹ̀lú PageAnonExclusive. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí oríṣi àwọn kernel àtijọ́ ti béèrè ìbéèrè PageAnon, mainline dé ibẹ̀.

PageAnonExclusive kò sí ṣáájú 5.19, odindi ọ̀wọ́ commit ló sì gbé e wá, kò ṣe é fà yọ fún ẹyọ àtúnṣe kan. 5.15 tó wá láti kernel.org bọ́ lọ́wọ́ àléébù yìí, torí 9ae0f87d009c kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ń ta kernel fún yín bá ti fa àtúnṣe userfaultfd wọ 5.15 tirẹ̀, ó lè ti fà á wọlé. git tag --contains kò ní sọ fún yín, torí nọ́mbà commit máa ń yí padà nígbà tí wọ́n bá gbé e. git log --oneline --grep=9ae0f87d009c ló máa rí i, bí ẹni tó gbé e bá kọ nọ́mbà upstream sílẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ ṣí mfill_atomic_install_pte, kí ẹ wò ó bóyá pte_mkdirty dá dúró láìsí ìbéèrè kankan lórí rẹ̀. Bó bá dá dúró tí PageAnonExclusive kò sì sí, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó mú kí wọ́n gbé commit náà wá. Bí kò bá sí ohun tó gbára lé e nínú igi yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bó bá wà, àyẹ̀wò PageAnon pẹ̀lú !PageKsm ti 2016 ni kí ẹ padà lọ bá, kí ẹ sì fi dirtyc0w_shmem dán an wò lórí x86-64 àti aarch64 kí ẹ tó gbé e jáde.